Àwárí Orúkọ lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Dí I Lọ́wọ́

DNS ni ètò tí ó ń sọ orúkọ ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì di nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀. Bí ètò yìí bá kùnà, ojúlé tí ènìyàn ń wá lè wà ní ipò rẹ̀ láìní àbùkù, síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ kọ́ ni ó sábà ń fà á. Ohun tí a kọ sínú fáìlì ètò sáfà ni kò tọ̀nà.

Kí DNS tó dé, inú fáìlì kan ṣoṣo tí à ń pè ní HOSTS.TXT ni gbogbo orúkọ wà. Ọ́fíìsì kan ní Stanford Research Institute, ní Kalifọ́níà, tí Elizabeth Feinler jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó ń tọ́jú rẹ̀; àwọn yòókù a sì máa ṣe àdàkọ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ náà ń wọ ọ́fíìsì kan lọ́rùn. Ní 1983, Paul Mockapetris gbé DNS kalẹ̀, kí oníkálukú lè máa tọ́jú orúkọ tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kalifọ́níà, ní Berkeley, kọ BIND, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà ṣì ń lò.

Báyìí ni iṣẹ́ ọ́fíìsì kan di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún alábòójútó, tí àṣìṣe náà sì bá a tàn ká. Èyí tí ó lókìkí jù lọ kò ju àmì ìdánudúró kan lọ. Nínú fáìlì orúkọ BIND, bí orúkọ kò bá ní àmì yìí ní ìparí, sáfà yóò kà á sí orúkọ tí kò pé, yóò sì fi orúkọ ẹkùn rẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2009, àìsí àmì yìí ba àkọsílẹ̀ .se ti orílẹ̀-èdè Swídìn jẹ́: nǹkan bí 900,000 orúkọ ni kò ṣeé wá mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn sáfà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti tọ́jú ìdáhùn tí kò tọ̀nà náà pamọ́. Títí wọ́n fi pa á rẹ́, àtúnṣe náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wọn.

Àṣìṣe mìíràn a máa ṣẹlẹ̀ láìpariwo. Alábòójútó lè tún fáìlì ṣe lórí sáfà àkọ́kọ́ kí ó sì gbàgbé láti fi kún nọ́ńbà àtúnṣe rẹ̀. Sáfà kejì kò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà, yóò sì máa fún àwọn kan ní ìdáhùn àná.

Ní Nàìjíríà, oṣù Kẹta 1995 ni a fi àkọsílẹ̀ .ng sí abẹ́ àbójútó ní Yaba College of Technology. Láti 2009 ni ó ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ NiRA. Àkọsílẹ̀ yìí ni ó ń tọ́ka sí sáfà tí ó mọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ó ni orúkọ bá kó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn láìtún àkọsílẹ̀ náà ṣe, ìbéèrè yóò máa lọ sọ́dọ̀ sáfà tí kò mọ nǹkan kan mọ́ nípa rẹ̀. Nítorí náà ni oníṣẹ́ fi ń wádìí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ó kọ́kọ́ wo fáìlì resolv.conf lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó fi irinṣẹ́ dig béèrè tààrà lọ́wọ́ sáfà tí ó ni orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ni ó wo ohun tí àkọsílẹ̀.ng ń sọ.