ÈSÚSÚ, ÀWỌN ÀGBẸ̀ AGÉGE, ÀTI ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Bí a bá dúró ní ọjà Ìkòtún, tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí ní Ìgàndò, tí a sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá lọ bí wọ́n ti rí owó fi bẹ̀rẹ̀ òwò, tàbí owó tí wọ́n fi ra ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí, kò ní pẹ́ kí a tó gbọ́ orúkọ èsúsú tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bèèrè bí owó ẹnikẹ́ni ti ṣègbé nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà náà ni a ó gbọ́ ìmí ẹ̀dùn. Kí ni ó ń mú kí ẹgbẹ́ kan dúró títí àwọn ọmọ fi bá a nílẹ̀, tí òmíràn sì ń túká kí ọdún méjì tó pé? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àná. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀, ìtàn ilẹ̀ wa pàápàá sì ti fèsì sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ìwé náà ó ṣe àlàyé èsúsú, pé àwọn ènìyàn a máa dá iye owó kan náà ní àkókò tí wọ́n fi àdéhùn sí, lábẹ́ olórí kan, wọn a sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní títò-tẹ̀lé-ara. Àti pé nípa èyí ni tálákà fi ń lè ṣe ohun tí ó nílò owó gọbọi. Ẹ wo bí ọgbọ́n náà ti rí. Bí ogún ènìyàn bá ń dá 5,000 náírà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá kó o yóò gba 100,000. Ẹni àkọ́kọ́ ti yá 95,000 lọ́wọ́ àwọn mọ́kàndínlógún yòókù láìsan èlé kankan. Ẹni ìkẹyìn ti fi 95,000 pamọ́ kí ó tó kàn án. Nígbà tí ogún ọ̀sẹ̀ bá pé, kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnìkan ní gbèsè. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó dúró láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn.

A kò gbọdọ̀ da èsúsú pọ̀ mọ́ àjọ. Nínú àjọ, alájọ ni ó ń gba owó lọ́wọ́ olúkúlùkù lójoojúmọ́, yóò sì dá a padà fún un ní òpin oṣù, lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀. Àwọn tí ń dá àjọ kò níláti mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń dá èsúsú ti so ara wọn pọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan, N. A. Fadipe, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1893, kọ ìwé ìwádìí ńlá lórí ìgbé-ayé àwọn Yorùbá fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó kú ní 1944, a kò sì tẹ ìwé náà jáde títí di 1970. Ó fi èsúsú hàn láàárín àwọn ìbátan rẹ̀, èyí tí í ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní títò-tẹ̀lé-ara, ọjọ́ fún ọjọ́, ebè fún ebè. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá a pe àna, ọ̀rẹ́ àti ẹbí, yóò sì fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe wọ́n lálejò. Lójú tiwa, èsúsú kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe àáró tí a fi owó ṣe: ohun tí a fi apá ṣe lóko ni a wá fi owó ṣe lọ́jà.

Ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí èsúsú jáde ní 1952. Ohun tí ó rí níbẹ̀ yẹ kí a fi sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Bí ẹgbẹ́ bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí olórí kò lè mọ gbogbo ènìyàn, a ó pín wọn sí ọ̀nà-ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò sì ní olórí tirẹ̀. Olórí ọ̀nà ni ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, òun ni ó ń gba owó wọn, bí ẹnìkan nínú wọn bá sì kọ̀ láti dá, òun ni olórí èsúsú yóò dì mú. Báyìí ni àwọn baba wa fi rí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ fi lè gbòòrò láìjẹ́ pé ìmọ̀-ara-ẹni sọnù.

Ohun tí a ń sọ yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n ẹrú kò fi lè pa á. Àwọn ènìyàn wa tí a kó sọdá òkun mú un lọ. Ní Trinidad, wọ́n ń pè é ní susu títí di òní. Ní 1962, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Clifford Geertz, tí ó ti rí irú rẹ̀ ní erékùṣù Java, kọ̀wé pé irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí jẹ́ àkàsọ̀ àárín, tí a ó fi sílẹ̀ nígbà tí báǹkì bá dé. Ní 1964, Shirley Ardener, obìnrin tí ó ti ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Íbò àti ní Kamẹrúùnù, kó ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ, kò sì gbà pé dandan ni kí wọ́n kú. Ẹ wo àyíká yín, ẹ̀yin ará, kí ẹ sì ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Báǹkì kún ojú ọ̀nà láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá. Èsúsú sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ẹnu ààlà wa, sí Agége, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti gbìyànjú ohun tí ó tóbi ju èsúsú lọ. Ní nǹkan bí 1880, ọ̀gágun ojú omi J. P. L. Davies, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ran ilé-ìwé Grammar School ti C.M.S. ní Èkó lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijọn. Àwọn oníṣòwò Èkó mìíràn tẹ̀lé e, nítorí òwò wọn ti ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Olókìkí jùlọ nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀. Ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ni ọkùnrin náà í ṣe, ṣùgbọ́n ní 1901 ó wà lára àwọn tí ó jáde láti dá ìjọ Bẹ́tẹ́lì ti Áfíríkà sílẹ̀. Pé ó kúrò lọ́dọ̀ wa kò gbọdọ̀ mú kí a fi ọlá rẹ̀ dù ú.

Ní 1907, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí kòkó wọn dára sí i, kí ètò iṣẹ́ àti owó òṣìṣẹ́ wọn wà ní ìṣọ̀kan, kí ẹ̀kọ́ nípa kòkó sì tàn ká. Àwọn òpìtàn bí J. B. Webster àti A. G. Hopkins ti fi hàn pé kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ fi kòkó yí ilẹ̀ Yorùbá padà, bí kò ṣe irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti òkè wá sí Agége mú irúgbìn àti ìmọ̀ lọ sí ìlú wọn. Àwọn oníwàásù ìjọ tuntun náà sì ń fi ọwọ́ kan mú Bíbélì, wọ́n ń fi èkejì mú kòkó.

Kí ni ó wá dé? Ìmọ̀-ara-ẹni kò ṣe aláìní láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jùmọ̀ ń jọ́sìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye kòkó wó lulẹ̀ ní 1920 sí 1921, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kò ní agbára láti dá a dúró. Ilẹ̀ Agége kò sì dára fún kòkó bí ti Ìbàdàn àti Oǹdó. Obì gbànja ni ó gba ipò rẹ̀, tí rélùwéè sì ń kó lọ sí Òkè-Ọya. Àwọn Olóko Agége fi hàn wá pé ìfẹ́ lè gbin oko. Ṣùgbọ́n ó gba nǹkan mìíràn kún un láti gba iye tí ó tọ́ lọ́jà.

Ìgbà yẹn ni òfin wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Rochdale, àwọn ènìyàn 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, ti dá pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣí ilé ìtajà kékeré kan ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, 1844. Ìlànà wọn ni pé ohùn kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, iyekíye tí owó rẹ̀ ìbáà jẹ́, àti pé a ó pín èrè fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ó ti rajà tó. Ìlànà yìí tàn dé Íńdíà, láti ibẹ̀ ni C. F. Strickland sì ti ní ìrírí kí ìjọba tó pè é wá sí Nàìjíríà ní 1933. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì tẹ̀lé e ní 1935. Ní 1937 ni a forúkọ ẹgbẹ́ àwọn onítàkòkó Gbẹ́dùn, nítòsí Ìbàdàn, sílẹ̀, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lábẹ́ òfin náà.

Àkókò náà kò lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1937 yẹn gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra kòkó ṣe àdéhùn láàárín ara wọn kí wọ́n má bàa figagbága lórí iye. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà nísinsin yìí, kọ̀ láti tà, ìjọba sì rán ìgbìmọ̀ Nowell ní 1938 láti wádìí ọ̀ràn náà. Nígbà náà ni ó hàn kedere ìdí tí àgbẹ̀ kò fi gbọdọ̀ dá lọ sí ọjà. Ní 1945 àwọn ẹgbẹ́ para pọ̀ láti máa kó kòkó ránṣẹ́ sí òkè òkun fúnra wọn. Ní 1953 Báǹkì Alájẹṣẹ́kù ti Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ní Ìbàdàn. Láti inú yàrá kan ní Gbẹ́dùn dé báǹkì, ọdún 16 péré ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn ti dùn ni ó yẹ kí a ti fetí sílẹ̀. Báǹkì náà kò sí mọ́. Ó di ti àwọn olùdókòwò, a dà á pọ̀ mọ́ Skye Bank ní 2006, a sì gba ìwé àṣẹ Skye pàápàá ní 2018. Láti ọwọ́ àgbẹ̀ sí ọwọ́ ẹgbẹ́, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ sí ọwọ́ ìjọba, láti ọwọ́ ìjọba sí ọwọ́ àwọn tí ó ní owó jù: ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ni owó náà ń jìnnà sí ìwé ìṣirò rẹ̀ sí i. A kò sọ pé ohun tí ó bá tóbi kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò bá lè ka ìwé owó rẹ̀ mọ́, orúkọ nìkan ni ó kù fún un.

Ní 2009, Elinor Ostrom, ará Amẹ́ríkà, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ó ti ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ń jùmọ̀ lo igbó, omi àti pápá ní Switzerland, Japan, Spain àti Philippines, tí àwọn kan nínú wọn ti ń ṣe é fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ó rí i pé àwọn tí ó pẹ́ jọ ara wọn: ó dájú ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bá wọn dá sí òfin, àwọn tí ń ṣọ́ nǹkan ń jíhìn fún wọn, ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kéré, ti ńlá sì tóbi, ibi tí a ti ń parí ìjà kò jìnnà, kò sì náni lówó. Bí wọ́n bá sì tóbi, ẹgbẹ́ kékeré ni ó wà nínú ẹgbẹ́ ńlá. Ẹ̀yin ará, kí ni èyí ìkẹyìn bí kò ṣe ọ̀nà-ọ̀nà ti èsúsú Ilé-Ifẹ̀? Ohun tí ọ̀mọ̀wé wá kiri ayé kí ó tó rí, àwọn ìyá wa ti ń lò ó.

Èyí kàn wá ní Alímòṣọ́ ju bí ó ti kan ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Nígbà tí ibí jẹ́ abúlé àwọn Àwórì, ẹni tí ó bá jẹ owó èsúsú kò ní ibi tí yóò sá sí. Baba rẹ̀ ń bẹ nílé, gbogbo agboolé sì mọ̀ ọ́n. Nínú ìkànìyàn 2006, Alímòṣọ́ ni ó ní ènìyàn jù ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìjẹ̀ṣà ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íbò, Ègùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hausa, ayálégbé sì lè kó lọ lóru láìsí ẹni tí ó mọ ìlú rẹ̀. Ohun tí agboolé ń ṣe fún wa tẹ́lẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ àti oníduró ni yóò máa ṣe é nísinsin yìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi owó sínú ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ ti ọjà, ti àdúgbò, tàbí ti inú ìjọ, kí ó bèèrè nǹkan mẹ́rin. Ta ni ó mọ mi níbẹ̀, ta ni èmi náà sì mọ̀? Ṣé mo lè rí ìwé owó náà nígbà tí mo bá fẹ́? Ta ni ń yẹ ìwé akápò wò, tí kì í ṣe ẹbí akápò? Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ìjà, níbo ni a ó ti parí rẹ̀?

Àwọn kan ń wí pé láàárín àwọn tí ó jùmọ̀ ń gbàdúrà, irú ìbéèrè báyìí jẹ́ àìní ìgbẹ́kẹ̀lé. Ìtàn kò bá wọn sọ ọ́. Oúnjẹ òòjọ́ opó ni ó wà nínú àpótí náà, owó ilé-ìwé ọmọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní kí a ṣí ìwé kò bú akápò. Ó ń gbà á lọ́wọ́ ìdánwò ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan máa rí ohun tí èkejì ń ṣe.