Afriski: Ibùdó Eré Orí Òjò Dídì Lórí Àwọn Òkè Lèsótò

Oòrùn, iyanrìn àti igbó kìjikìji ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò bí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ adúláwọ̀ yìí tó jẹ́ pé, láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ ọdún, ẹ̀wù òtútù, ìbọ̀wọ́ àti bàtà nínípọn ni àwọn èèyàn ń wọ̀, tí wọ́n sì ń yọ̀ lórí òjò dídì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Afriski ni orúkọ ibẹ̀, orílẹ̀-èdè Lèsótò ló sì wà.

Ilẹ̀ olókè

Orílẹ̀-èdè South Africa ló yí Lèsótò ká pátápátá, bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká. Kò sí ibì kankan ní Lèsótò tí kò fi ohun tó ju 1,000 mítà ga ju òkun lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn lágbàáyé tó rí bẹ́ẹ̀. Òkè ti jẹ́ ààbò fún àwọn Basotho, ọmọ ilẹ̀ náà, láti ayébáyé. Ní ọdún 1824, Moshoeshoe Kìíní kó àwọn èèyàn rẹ̀ gun òkè Thaba Bosiu, ọwọ́ ọ̀tá kò sì tẹ òkè náà títí ọba ọ̀hún fi wàjà ní 1870. Owó tí wọ́n ń ná pàápàá, loti, ara àwọn òkè Maluti ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ.

Láàárín àwọn òkè Maluti yìí ni Afriski wà, ní àgbègbè Butha-Buthe, nítòsí ibi tí ọ̀nà ti gba Mahlasela kọjá ní ìwọ̀n 3,222 mítà sókè. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé àlejò tí kò tíì mọ́ lára máa ń mí hẹlẹ bó bá rìn díẹ̀. Kúbùsù tí a fi irun àgùntàn hun ni àwọn darandaran agbègbè náà ń dà bora.

Bí eré náà ṣe rí

Síkì ni wọ́n ń pe eré yìí. Ẹni tó ń ṣe é yóò de ohun pẹlẹbẹ gígùn méjì mọ́ bàtà rẹ̀, yóò mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, yóò sì máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ẹyọ pátákó fífẹ̀ kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà tó gùn jù ní Afriski tó nǹkan bíi kìlómítà kan, ẹ̀rọ ló sì ń fa àwọn eléré padà sókè. Mòrókò náà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, Oukaïmeden, lórí òkè Atlas nítòsí Marrakesh.

Òtútù láìsí òjò

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ìgbà òtútù Lèsótò náà ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ yóò tètè lóye rẹ̀: òtútù ń mú, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, nígbà ooru, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òjò ibẹ̀ ń rọ̀. Nítorí náà, òjò dídì tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run kò lè tó fún eré.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n fi dí àlàfo yìí. Ẹ̀rọ ńlá kan ń fọ́n omi sókè ní kíkúnná bí ìrì. Kí omi náà tó balẹ̀, ó ti dì. Òru ni iṣẹ́ yìí dára jù, nígbà tí òtútù bá ti wà lábẹ́ òdo. Gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí kò jẹ́ kí òjò dídì rọ̀, tún ń ran ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, nítorí omi tètè máa ń tutù nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ Lèsótò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò ìwakùsà South Africa ju 100,000 lọ. Láti àwọn ọdún 1990 ni iye wọn ti ń dínkù gidigidi. Iṣẹ́ tí èèyàn bá rí ṣe nílé, ìbáà jẹ́ ti olùkọ́ síkì, alásè tàbí olùtọ́jú àlejò, kì í ṣe ohun kékeré. Ìdí nìyí tí ibùdó náà fi ń gba àwọn agunkẹ̀kẹ́ àti arìnrìn-àjò orí òkè bí òjò dídì bá ti tán.

Òjò dídì ní tirẹ̀ kì í wo kàlẹ́ńdà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí àsìkò síkì sábà máa ń ti kásẹ̀ nílẹ̀, òjò dídì rọ̀ ní South Africa débi pé ó dí ọ̀nà márosẹ̀ tó so Johannesburg pọ̀ mọ́ Durban. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń gbóná sí i. Ẹ̀rọ lè pèsè omi tí ojú ọ̀run kò rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe òjò dídì bí òru kò bá tutù tó. Òru tó tutù gan-an ni òwò Mahlasela dúró lé.