Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta

Ẹsẹ̀ kì í hàn lórí àpáta bó ti ń hàn nínú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá máa tọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí olè máa ń gbà, ìdí nìyẹn tí òwe náà fi ní èébú nínú: ọlọ́pàá tó bá mọ olè jù, aráyé á ní ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Nílẹ̀ Yewa, lẹ́bàá ibodè Benin, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣàwàdà. Láti Ìlaròó dé Ìdí-Ìrókò, ọ̀nà inú igbó kò lóǹkà, onífàyàwọ́ sì mọ̀ wọ́n ju aṣọ́bodè lọ. Ìjọba ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin 2022. Síbẹ̀, ìrẹsì onífàyàwọ́ ò yéé wọlé.

Ilẹ̀ yìí náà ló bí ẹni tó wá ń lé olè: ọmọ Erinjà, ní Gúúsù Yewa níbí, ni Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun tó di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2023. FCID, ẹ̀ka tó ń wádìí ọ̀ràn, ló ń darí kó tó débẹ̀. Ìṣirò ló kà ní Yunifásítì Èkó, ó sì ṣe olùkọ́ ní Yaba Tech kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1990.

Ibi tí mo ti bá òwe jiyàn rèé. Kò dìgbà téèyàn bá jalè kó tó mọ ẹsẹ̀ olè; ẹ̀rí la fi ń tọ̀ ọ́, bíi ti ìṣirò. Ọmọ ilé-ìwé tó kọ ìdáhùn ìṣirò láìfi iṣẹ́ hàn, olùkọ́ á fagi lé e; adájọ́ náà kò gbọ́dọ̀ gba "mo mọ̀ pé òun ni" lẹ́nu ọlọ́pàá. Ẹ wo SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti lé adigunjalè. Ìgbà tí ìyà àti ìjẹ́wọ́ tipátipá rọ́pò ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá rẹ̀, ará ìlú ò mọ ẹni tí wọ́n á sá fún mọ́, títí ìjọba fi tú u ká ní oṣù kẹwàá 2020.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, fàyè gba kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, kí lọ́yà sì wà níbẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá pè yín, ẹ lọ, àmọ́ ẹ béèrè lọ́yà kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé kankan.