Ìtọ́jú Ipa-Ọ̀nà Àwọn Aṣíkiri ní Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà: Iṣẹ́ Àwọn Olùyọ̀ǹda-Ara-Ẹni àti Òtítọ́ Inú Ìtàn

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí bá iṣẹ́ òpìtàn mu púpọ̀. Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí àwọn baba ńlá rẹ̀ lè mú omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí omijé náà dí i lọ́wọ́ àtirí ohun tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣàgbéyẹ̀wò àwọn ènìyàn tó ń yọ̀ǹda àkókò àti agbára wọn, láìgba owó, láti wá ipa-ọ̀nà tí àwọn aṣíkiri gbà lọ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, kí wọ́n sì dáàbò bò ó. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iyì iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìfẹ́ nìkan. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe kọ́ láti ya ohun tí ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n kàn lérò. Ìlànà yìí kan náà ni ó yẹ kí a fi wọn orúkọ "aṣáájú-ọ̀nà" tí wọ́n fi ń pe àwọn aṣíkiri náà, bóyá ó tọ́ sí wọn tàbí kò tọ́ sí wọn.

Ọ̀nà náà àti àwọn tó rìn ín

Independence ní ìpínlẹ̀ Missouri jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ibi tí àwọn aṣíkiri ti ń gbéra. Láti ibẹ̀ dé àfonífojì odò Willamette ní Oregon, ìrìn náà tó 2,000 máìlì. Àwọn oníṣòwò awọ ẹranko ti mọ díẹ̀ nínú ọ̀nà náà ṣáájú. Ní 1812, Robert Stuart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba South Pass kọjá, ìyẹn àlàfo gbígbòòrò tó wà láàrin àwọn Òkè Rocky, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gbà láìsí wàhálà púpọ̀. Ní 1843, àwọn aṣíkiri tí iye wọn tó bí 1,000 gbéra lọ sí Oregon. Nígbà tí wọ́n sì rí wúrà ní California ní oṣù kìn-ín-ní 1848, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọrí sí ọ̀hún.

John Unruh, nínú ìwé rẹ̀ The Plains Across tó jáde ní 1979, ṣírò pé láàrin 1840 sí 1860, àwọn tó gba ọ̀nà wọ̀nyí lọ sí Oregon, California àti Utah sún mọ́ 300,000. Akọ màlúù àti ìbaaka ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Nítorí pé ẹrù ti kún inú kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Àrùn onígbáméjì pa púpọ̀ nínú wọn, pàápàá jù lọ ní 1849, 1850 àti 1852. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1869, ojú irin láti ìlà-oòrùn àti èyí tó wá láti ìwọ̀-oòrùn pàdé ní Promontory Summit ní Utah. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ìgbàgbé. Àgbẹ̀ fi ohun èlò ìtúlẹ̀ tú apá kan, títì bo apá kan, koríko sì hù bo ìyókù.

Ezra Meeker: ẹni tó padà sẹ́yìn

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí orílẹ̀-èdè náà gbọ́ pé ọ̀nà yìí ń parẹ́ ni Ezra Meeker. Wọ́n bí i ní 1830. Ní 1852, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn ọwọ́ gba ọ̀nà náà lọ sí Oregon. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 1906, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 75, ó gbéra láti Puyallup ní ìpínlẹ̀ Washington pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí akọ màlúù ń fà, ó sì dorí kọ ìlà-oòrùn. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tó bá dé, ó máa ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n sì ri òkúta ìrántí mọ́lẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà náà gbà kọjá. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá 1907, ó dé Washington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, níbi tí Ààrẹ Theodore Roosevelt ti gbà á lálejò.

Meeker kò dúró níbẹ̀. Ó tún fi màlúù rin ìrìn náà láàrin 1910 sí 1912. Ó fi mọ́tò rin ín ní 1916, ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú kọjá lórí rẹ̀ ní 1924. Ní 1926, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìrántí Ọ̀nà Oregon. Ó kú ní oṣù kejìlá 1928, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 98.

Ẹgbẹ́ àti òfin

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lẹ́yìn Meeker, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dìde. Ọ̀kan nínú wọn ni Trails West, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 ní Nevada. Irin rélùwéè ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi ń ṣe àmì tí wọ́n ń rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n a jó o pọ̀ bí lẹ́tà T, wọ́n a sì lẹ àwo irin mọ́ ọn lórí, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn aṣíkiri. Irin tó sọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ di aláìwúlò ni wọ́n fi ń sàmì sí i báyìí.

Ní 1982, Gregory Franzwa àti àwọn mìíràn pàdé ní Denver, wọ́n sì dá Oregon-California Trails Association sílẹ̀. Nígbà náà, ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin nípa ipa-ọ̀nà ní 1968. Àtúnṣe 1978 dá ìsọ̀rí ipa-ọ̀nà onítàn sílẹ̀, Ọ̀nà Oregon sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà California wọ̀ ọ́ ní 1992. Àtúnṣe mìíràn ní 1983 fi àyè sílẹ̀ nínú òfin fún àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni láti bá ìjọba tọ́jú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé òfin lè dárúkọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè rìn ín. Apá púpọ̀ ló gba orí ilẹ̀ olóko kọjá, ẹni tó sì lè bá olóko jókòó kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ni aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀

Ẹ̀kọ́ ni wíwá ọ̀nà tó ti parẹ́. Nítòsí Guernsey ní Wyoming, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbẹ́ òkúta oníyanrìn débi pé ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ní àwọn ibì kan. Ní City of Rocks ní Idaho, àwọn aṣíkiri fi ọ̀rá tí wọ́n ń kùn mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ kọ orúkọ wọn sára òkúta. Ṣùgbọ́n irú ibi tó hàn gbangba báyìí kò pọ̀. Níbòmíràn, ìpẹtà tí irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi sílẹ̀ lára òkúta ni wọ́n ń wò, tàbí òkúta tí wọ́n kó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí bí koríko ṣe hù lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ohun tí wọ́n bá rí nílẹ̀, wọ́n a fi wé ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn aṣíkiri àti máàpù ìgbà àtijọ́, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ GPS gba ojú ibi náà sílẹ̀.

Oregon-California Trails Association ní ìwé ìlànà tó pín ipa-ọ̀nà sí ìsọ̀rí márùn-ún. Èkíní ni ọ̀nà tó ṣì wà bí àwọn aṣíkiri ṣe fi í sílẹ̀. Èkejì ni èyí tí ọkọ̀ ìgbàlódé ti gbà, ṣùgbọ́n tí ìrísí rẹ̀ kò tí ì bàjẹ́. Ẹ̀kẹta kò hàn sí ojú mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rí wà pé ibẹ̀ ló gbà. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí títì, oko tàbí ilé ti bò. Ẹ̀karùn-ún ni ibi tí wọ́n kàn lè fojú dá. Ìsọ̀rí karùn-ún yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀nà máa ń fẹ́ sọ pé, "Ibí gan-an ni." Ìwé ìlànà yìí kò gbà á láyè.

Ìlànà náà wúlò nígbà ìjà pẹ̀lú. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ ri páìpù epo mọ́lẹ̀, tàbí tí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná kalẹ̀, ohun tí àwọn olùtọ́jú ọ̀nà lè gbé síwájú ìjọba ni máàpù tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá purọ́ lórí máìlì kan, kò sí ẹni tí yóò gba mẹ́wàá yòókù gbọ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin kiri náà jẹ́ ewu. Òfin 1979 kà á léèwọ̀ láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ láìgba àṣẹ, nítorí pé ìṣó tí wọ́n bá ti hú kúrò ní ojú ibi rẹ̀ kò lè jẹ́rìí mọ́.

Ta ni aṣáájú?

Bí a bá fi ìlànà yìí wọn orúkọ náà, "aṣáájú-ọ̀nà" kò lè dúró láìsí àlàyé. Apá púpọ̀ nínú ọ̀nà náà ni àwọn onílẹ̀, bíi Pawnee, Shoshone àti Paiute, ti ń rìn kí kẹ̀kẹ́ tó dé. Sarah Winnemucca, ọmọ Paiute, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1883 pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun bo òun mọ́ inú ilẹ̀, ó sì fi ewé bo ojú òun, nítorí ìbẹ̀rù àwọn aláwọ̀ funfun tó ń bọ̀. Unruh pẹ̀lú ṣírò pé láàrin 1840 sí 1860, àwọn onílẹ̀ pa aṣíkiri 362, àwọn aṣíkiri sì pa onílẹ̀ 426. Àwọn tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ń pè ní apani ni wọ́n pa jù.

Kì í ṣe aláwọ̀ funfun nìkan náà ló rin ọ̀nà yìí. James Beckwourth, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ló la ọ̀nà kan gba àárín òkè Sierra Nevada kọjá lọ sí Marysville ní 1851. George Bush, aláwọ̀ dúdú tó gbéra láti Missouri ní 1844, gbọ́ pé ìjọba Oregon ti ṣe òfin pé kí aláwọ̀ dúdú má gbé níbẹ̀. Ó yà sí àríwá, ó sì tẹ̀dó sí agbègbè Puget Sound ní 1845. Ní 1855 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ tó ṣe òfin kan lọ́tọ̀ kí ilẹ̀ rẹ̀ lè di tirẹ̀. Ní 2016, Shirley Ann Wilson Moore gbé ìwé jáde lórí àwọn aláwọ̀ dúdú tó rin àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé irú ìbéèrè yìí ń ba iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀nà jẹ́ yẹ kó tún ìtàn Meeker kà. Ní 1856, ó wà lára àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ Leschi, olóyè àwọn Nisqually, tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Meeker kọ̀ láti dá a lẹ́bi, ìgbìmọ̀ náà kò sì lè fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, wọ́n sì so Leschi kọ́ ní oṣù kejì 1858. Ní 1905, ọdún kan péré kí Meeker tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó tẹ ìwé kan láti fi hàn pé wọ́n ṣi ẹjọ́ náà dá. Ní 2004, ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìtàn sọ pé Leschi kò jẹ̀bi. Ọkùnrin kan náà ló gbèjà Leschi, tó sì gbèjà ọ̀nà.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló jẹ́ kí ọ̀nà àwọn aṣíkiri ṣì wà láti rí, àti pé ìlànà ẹ̀rí ló sọ ìfẹ́ wọn di ìmọ̀. Ó tún ti fi hàn pé ìlànà náà kò lè dúró lórí òkúta àti ìpẹtà nìkan. Bí ó bá yẹ kí wọ́n kọ "ìsọ̀rí karùn-ún" sí ibi tí kẹ̀kẹ́ gbà tí kò dájú, ó yẹ kí wọ́n kọ irú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ pé àwọn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Olùkọ́ ìtàn lè lo ìsọ̀rí márùn-ún yìí nínú kíláàsì. Kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ibi kan, kí ó sì ní kí wọ́n sọ èyí tó ṣì hàn, èyí tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ti bò, àti èyí tí ènìyàn kàn ń fojú dá. Lẹ́yìn náà, kí ó bi wọ́n léèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú.