Ìlú Tó Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè

Tí ẹ bá dúró létí títì Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń ta dòdò, ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ ni ẹ máa rí. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ọjà Àpòmù gbilẹ̀ láyé àtijọ́: ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Òwu ti ń pàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọlọ́jà gbà wá ni ológun náà gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé tà lẹ́rú ní Àpòmù, wọ́n sì ní kí Òwu wá fìyà jẹ àwọn ìlú agbègbè náà. Samuel Johnson ka Ìkirè àti Àpòmù mọ́ àwọn ìlú tí Òwu run.

Àwọn ará Ìdànrè ní tiwọn, orí àpáta ni wọ́n tẹ̀dó sí. Lónìí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn ń gùn kó tó débẹ̀. Ààfin Ọwá ṣì wà lókè náà, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àtijọ́, ojúbọ, itẹ́ òkú àti ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ìlú. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, ìbáà jẹ́ tọmọdé tàbí tàgbà.

Nígbà tó fi di ọdún 1923 tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ogun ilẹ̀ Yorùbá ti parí. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà àti ọjà wà. Ohun tó ń dáàbò bo ìlú tẹ́lẹ̀ ti di ìnira.

Lọ́dún 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ kì í pẹ́ wó, orúkọ nínú ìwé kò sì lè tún òrùlé ṣe.

Àwa tí a wà ní Ìkirè ńkọ́? Ìlú wa tún dìde, èèyàn kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó lè tọ́ka sí ibi tí ogun Òwu ti wọlé? Ìdànrè ní ilé láìsí olùgbé. Àwa ní olùgbé láìsí ìrántí. Tí a bá lọ ìsinmi, ẹ jẹ́ ká bi àwọn àgbà agboolé wa, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀.