Ọ̀fẹ́ ni Afẹ́fẹ́, Wáyà Ni Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́

Bí ọyẹ́ bá dé sí Òtu, páànù òrùlé á máa pariwo lóru, iná á sì ti lọ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi ara wa pé: ṣé a kò lè fi afẹ́fẹ́ yìí tan iná ni? Ìtàn kọ́ wa pé wáyà ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè.

Ní 2005, nígbà tí Umaru Musa Yar'Adua jẹ́ gómìnà Katsina, wọ́n gbèrò iná afẹ́fẹ́ sí Lambar Rimi: ẹ̀rọ 37, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 275. Ní oṣù Kejìlá 2012, wọ́n jí ẹnjiníà ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé. Iṣẹ́ fà sẹ́yìn.

Ti Kenya tún yàtọ̀. Nítòsí adágún Turkana, ẹ̀rọ 365 ti wà lórí ìdúró ní 2017, ṣùgbọ́n wáyà tó gùn ju kìlómítà 400 lọ kò tíì parí. Oṣù Kẹsàn-án 2018 ni iná tó wọlé sí wáyà ìjọba. Kó tó dìgbà yẹn, ìjọba ti jẹ gbèsè iná tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Bí afẹ́fẹ́ fẹ́, bí kò fẹ́, owó wáyà kò yẹ̀. Bí àwọn tó ń ra iná bá sì kéré, ẹrù á wúwo lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òfin iná 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò ọjà iná tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ Òkè-Ògùn, ẹ jẹ́ ká bi í: ta ni yóò fa wáyà, ta ni yóò sanwó rẹ̀?