Remain in Light: àwo orin rock tí Angélique Kidjo tún kọ

Remain in Light ni orúkọ àwo orin tí ẹgbẹ́ olórin rock Talking Heads, láti ìlú New York, gbé jáde lọ́dún 1980. Orúkọ yẹn náà ni Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní Benin, fún àwo tirẹ̀ tó jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2018. Orin mẹ́jọ ló wà nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́jọ náà ni Kidjo tún kọ, kò fi ọ̀kankan sílẹ̀.

Kí olórin rock máa tún orin ẹlòmíì kọ kì í ṣe nǹkan tuntun. Orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, rhythm and blues, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ́ṣẹ́. Lọ́dún 2016, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti dàgbà, àwọn Rolling Stones ṣe odindi àwo kan, Blue & Lonesome, tó jẹ́ pé orin blues àwọn àgbà ni gbogbo ẹ̀. Talking Heads náà ṣe díẹ̀ nínú irú ẹ̀: orin Al Green, “Take Me to the River”, tí wọ́n tún kọ lọ́dún 1978, wà lára ohun tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nínú ọ̀rọ̀ Kidjo, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ọmọ Áfíríkà ló mú orin àwọn olórin rock, tó tún un kọ.

Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn olórin rock yẹn ti rí i? David Byrne, tó ń lé orin fún Talking Heads, àti Brian Eno tó bá wọn ṣe àwo náà, ń gbọ́ Fẹlá nígbà yẹn, pàápàá àwo rẹ̀ Afrodisiac. Wọ́n tún ka ìwé tí John Miller Chernoff kọ lọ́dún 1979 lórí ìlù Áfíríkà. Ọ̀dọ̀ àwọn onílù Dagomba àti Ewe ní Gánà ni Chernoff ti kọ́ ohun tó kọ sílẹ̀, Ewe tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa gan-an níbí. Byrne ò fi pamọ́. Nígbà tí àwo náà jáde, wọ́n fi orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n kà ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn. Ká sọ òótọ́, olórin mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Bí orin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Nínú orin òyìnbó tó wọ́pọ̀, gìtá máa ń kúrò lórí ohùn kan bọ́ sórí òmíì, bẹ́ẹ̀ lorin á ṣe máa rìn lọ. Nínú Remain in Light, ojú kan lorin dúró sí. Oníkálùkù gba ègé tirẹ̀, ó ń tún un ṣe láìsinmi, gìtá lórí gìtá, ohùn lórí ohùn, títí gbogbo ẹ̀ á fi di ijó. Ẹni tó bá ti wo àwọn onílù wa rí lọ́jọ́ òkú àgbà ti mọ̀ ọ́n: agogo ò yẹsẹ̀, omele ò yẹsẹ̀, ìyá ìlù nìkan ló láṣẹ láti rìn káàkiri.

Fọ̀n ni bàbá Kidjo, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Lọ́dún 1983 ló kúrò ní Benin lọ sí Paris, torí ìjọba Kérékou fẹ́ kí àwọn olórin máa kọ orin ìjọba. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó gbọ́ “Once in a Lifetime” níbi àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó ní orin Áfíríkà nìyí. Wọ́n ní rárá o, rock ni, pé ọgbọ́n àwọn ará Áfíríkà ò tó irú ẹ̀. Ó ti sọ ìtàn yìí fún àwọn oníròyìn. Ọdún 35 ló wà láàárín àríyá yẹn àti àwo rẹ̀, a ò sì rò pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kan.

Èsì tó fún wọn rèé: ó pe Tony Allen wá lu ìlù. Tony Allen yìí náà ló lu ìlù nínú Afrodisiac Fẹlá. Ọwọ́ tí àwọn Talking Heads ń fetí sí látòkèèrè lọ́dún 1980 ló wá wà nínú orin náà gan-an. Kidjo fi èdè Yorùbá àti Fọ̀n kún Gẹ̀ẹ́sì, ó kó àwọn elégbè jọ. Ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé tó bá tẹ́tí dáadáa á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ níbẹ̀, láìsí ògbufọ̀.

Àwọn orin kan tiẹ̀ yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu rẹ̀. “Seen and Not Seen” jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó rò pé òun lè fi èrò ọkàn yí ojú òun padà kó jọ àwòrán tó ń rí. Lẹ́nu Byrne, bí àlá ni. Lẹ́nu obìnrin Áfíríkà, àwa tí à ń rí ìpara ìbóra lórí igbá lọ́jọ́ ọjà ò lè gbọ́ ọ bí àlá mọ́. “Listening Wind” náà ń sọ nípa ẹni tí inú ń bí sí àwọn àlejò tó wá gba ìlú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyàtọ̀ tó wà nínú pé ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n gbà ló ń kọ ọ́.

Kò sí pé gbogbo ẹ̀ ló dùn mọ́ wa. Jeff Bhasker, tó ṣètò àwo náà, ti bá Kanye West ṣiṣẹ́ rí, ó sì hàn: ó dán orin náà jù láwọn ibì kan. À bá fẹ́ kí ìlù mí díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹni tó bá tún orin kọ, àwọn tó ni orin láti ìpilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san owó òǹkọ̀wé fún. Byrne, Eno àti àwọn mẹ́ta yòókù nínú ẹgbẹ́ náà ni orúkọ wọn wà nídìí “Once in a Lifetime”. Orúkọ Fẹlá ò sí níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ orin àti ohùn orin lòfin ń dáàbò bò. Ọ̀nà tí à ń gbà lùlù ò ní olówó. Ní Tógò, BUTODRA ni ọ́fíìsì tí olórin ti ń forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Orin tí àwọn ìyá wa ń lé, tí a sì ń gbè, ní àgbègbè Atakpamé níbí, ta ló máa lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀?

Byrne ò bínú sí Kidjo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kí àwo náà tó jáde, Kidjo kọ orin náà ní Carnegie Hall ní New York, Byrne fúnra rẹ̀ sì bá a kọ “Once in a Lifetime”.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ má fi ti Kidjo bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Afrodisiac, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ti 1980, kẹ́ ẹ tó gbọ́ tirẹ̀. Ìlù Tony Allen ni kẹ́ ẹ máa fetí wá.